Alan Turing: akólòlò tó ní kí wọ́n fi ìbéèrè dán ọgbọ́n ẹ̀rọ wò

Ní ọjà Tchaourou, kò sí oníṣòwò tí èdè kan ṣoṣo tó. Ẹni tó ń ta gàrí ń kí Bàrìbá ní èdè Bàrìbá, ó ń dá Fúlàní lóhùn, ó sì ń ná ọjà pẹ̀lú àwọn tó wá láti Kútọnu ní èdè Fọ̀n tàbí Faransé. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé kíkí ọ̀tọ̀, gbígbọ́ èdè ọ̀tọ̀. Ẹlòmíì wà tó mọ ìkíni Bàrìbá láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tó sì mọ iye owó pè, àmọ́ tí oníbàárà bá yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, tó bi í léèrè bóyá òjò ti ba ọ̀nà oko wọn jẹ́, ẹ̀rín nìkan ni yóò kù sí i lẹ́nu.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ló tún dé bá wa lórí fóònù. Ẹ̀rọ wà nínú fóònù báyìí tó ń dáni lóhùn bí ẹni pé ènìyàn ló jókòó síbẹ̀. Ó ń bá ni kọ lẹ́tà, ó ń dáhùn ìbéèrè, òmíràn ń fi ohùn sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé ó gbọ́n ju olùkọ́ lọ. Àwọn àgbà ń béèrè pé ṣé ẹni tó bá ti mọ ọ̀rọ̀ sọ náà ni ọlọ́gbọ́n. Ìbéèrè àwọn àgbà yìí ti lé ní 70 ọdún. Ọkùnrin tó gbé e kalẹ̀ lọ́nà tí gbogbo ayé fi ń jiyàn lé e lórí dòní ni Alan Turing, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kú ní ọdún 1954. Ìtàn ayé rẹ̀ la gbé wá fún yín lónìí.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1912. Julius, bàbá rẹ̀, jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó ní ilẹ̀ Íńdíà, bí àwọn Faransé ṣe ń ṣàkóso Dahomey lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ethel Sara, ìyá rẹ̀, tẹ̀lé ọkọ lọ, wọ́n sì fi Alan àti John, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ológun kan tó ti fẹ̀yìntì àti ìyàwó rẹ̀, létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó dàgbà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ kì í ṣe àjèjì sí wa níbí. Ẹ mọ bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń tètè kọ́ láti máa dá ronú.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún 13, ní 1926, wọ́n fi í sí ilé ẹ̀kọ́ Sherborne. Ọjọ́ tó yẹ kó wọlé gan-an bọ́ sí àsìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ gbogbo ilẹ̀ náà daṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí ọkọ̀ ojú irin. Ọmọ náà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti Southampton, ọ̀nà tó tó nǹkan bíi 100 kìlómítà, ó sùn lójú ọ̀nà, ó sì dé ní ọjọ́ kejì. Ọ̀nà yẹn ju ti Tchaourou sí Parakou lọ dáadáa.

Bó ṣe dé náà ni àwọn olùkọ́ ò fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ tó. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ kò ṣeé kà, tàdáwà ń dà sí i láṣọ, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ló sì fẹ́, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ń fẹ́ kó mọ Látìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó máa ń kólòlò, ó sì ń kólòlò náà títí tó fi dàgbà. Àwọn àgbà wa ní bó pẹ́ bó yá akólòlò á pe baba, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúró dè é kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ní sùúrù, àwọn olùkọ́ yẹn ò sì ní i. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn. Ọkùnrin tí a ó gbọ́ pé ó fi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ṣe òṣùwọ̀n ọgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ẹnu ń dùn lára rẹ̀.

Ní Sherborne ló ti rí ọ̀rẹ́ kan tó gbọ́n bíi tirẹ̀, Christopher Morcom. Àwọn méjèèjì jọ ń wo ìràwọ̀, wọ́n jọ ń ṣe ìṣirò. Ní oṣù kejì ọdún 1930, Christopher kú. Ikọ́ ife tó ti ara wàrà màlúù kó nígbà tó wà lọ́mọdé ló pa á. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ra wàrà Fúlàní, ẹ máa sè é kó hó dáadáa.) Alan jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ikú yìí dùn ún dé egungun. Ó ń kọ̀wé sí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ń ronú lórí bí ẹ̀mí ṣe so mọ́ ara, àti ibi tí ọgbọ́n tó wà nínú orí ènìyàn ń lọ nígbà tí orí náà bá ti kú.

Ní ọdún 1931 ó wọ King's College ní Yunifásítì Cambridge. Nígbà tó fi di 1935, tó jẹ́ ọmọ ọdún 22 péré, wọ́n ti yàn án mọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọdún tó tẹ̀lé e ló kọ iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ẹni ìtàn. Láyé ìgbà náà, tí òyìnbó bá pe kọ̀ǹpútà, ènìyàn ló ń pè: akọ̀wé tó jókòó ti bébà àti pẹ́ńsùlù, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣírò lọ. Turing wo akọ̀wé yìí dáadáa. Ó rí i pé bí a bá to àṣẹ fún un lẹ́sẹẹsẹ, pé tó bá rí àmì báyìí kó pa á rẹ́, kó kọ òmíràn síbẹ̀, kó sún sí ọ̀tún, akọ̀wé náà lè ṣe iṣẹ́ yẹn parí láì mọ ohun tí iṣẹ́ náà wà fún. Tó bá sì rí bẹ́ẹ̀, irin náà lè ṣe é. Ó tún lọ síwájú: ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ gbogbo ẹ̀rọ ìṣirò yòókù, bí a bá sáà ti kọ àṣẹ iṣẹ́ náà fún un. Kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ ayé nígbà tó kọ ọ́. Lónìí, ó wà lápò yín. Fóònù kan náà lẹ fi ń ṣírò owó kajú, tí ẹ fi ń ya fọ́tò, tí ẹ fi ń fi MoMo ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pààrọ̀ irin inú rẹ̀ láàárín. Àṣẹ tí a kọ sínú rẹ̀ ló ń yí padà.

Ó lo ọdún méjì ní Princeton, ní Amẹ́ríkà, ó padà sílé ní 1938, ogun sì dé. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, ọjọ́ kejì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun sí Jámánì, Turing dé Bletchley Park, ilé ńlá kan tí ìjọba kó àwọn ọlọ́gbọ́n pamọ́ sí láti máa tú àṣírí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀tá. Ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Enigma ni àwọn ará Jámánì fi ń lọ́ ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Poland ti tú u ṣáájú, wọ́n sì ti fi ọ̀nà rẹ̀ han àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù keje ọdún náà. Turing ṣètò ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ń pè ní Bombe, tó ń yára gbọ́n àwọn ọ̀nà tí kò lè jẹ́ òótọ́ dànù. Ó tún kojú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Jámánì, tí ọkọ̀ abẹ́ omi wọn ń ri ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ bọ̀. Ọmọ Dahomey pọ̀ tó gbé ìbọn nínú ogun kan náà fún Faransé. Pẹ́ńsùlù ni ti Turing.

Ìwà rẹ̀ ní ibẹ̀ pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹfà, tí ìyẹ̀fun òdòdó bá ń mú un sín, ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ìbòjú tí àwọn ológun fi ń dènà afẹ́fẹ́ olóró. Ó fi ṣéènì de kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ mọ́ irin ilé kí wọ́n má bàa jí i. Èyí tó máa yé àwọn oníṣòwò jù nìyí: ẹ̀rù bà á pé bí Jámánì bá wọ ìlú, owó tó wà ní báńkì á ṣègbé, ló bá ra fàdákà, ó rì í mọ́lẹ̀ nínú igbó, ó sì kọ ibi tó wà sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ àṣírí. Lẹ́yìn ogun ó padà wá a. Ó wá a títí, kò rí i. Ọkùnrin tó tú àṣírí Jámánì kò rí owó ara rẹ̀ gbẹ́.

Ogun parí, wọ́n fún un ní oyè, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ ń ṣètò bí wọ́n ṣe máa kọ́ kọ̀ǹpútà gidi, ní Lọ́ńdọ̀nù lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Manchester láti 1948. Ó ń sáré ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú: ní 1947 ó sáré máratọ́ọ̀nù ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 46, ó sì gba ipò karùn-ún.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1950 ni ọ̀rọ̀ tó kàn wá jáde, nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí tó ń jẹ́ Mind. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ṣé ẹ̀rọ lè ronú. Turing ní tí a bá ní ká kọ́kọ́ wá ìtumọ̀ ríronú, ilẹ̀ á ṣú. Ó fi eré kan rọ́pò ìbéèrè náà. Fi ọkùnrin kan àti obìnrin kan sínú yàrá. Fi ẹni kẹta, olùbéèrè, sí yàrá mìíràn. Kó má rí wọn, kó má gbọ́ ohùn wọn. Ìwé tí a tẹ̀ ni kí wọ́n fi máa dá ara wọn lóhùn. Olùbéèrè fẹ́ mọ èwo ni obìnrin nínú wọn, ọkùnrin náà sì ń gbìyànjú láti tàn án jẹ. Ó ní wàyí o, ẹ yọ ọkùnrin yẹn kúrò, ẹ fi ẹ̀rọ sí ipò rẹ̀. Tí olùbéèrè bá ń ṣìnà tó bó ṣe ń ṣìnà tẹ́lẹ̀, kí ló tún kù tí a fẹ́ rí lára ẹ̀rọ náà?

Ẹ wo ohun tí ètò yẹn yọ kúrò. Ó yọ ojú kúrò, ó yọ ohùn kúrò, ó yọ aṣọ kúrò. Akólòlò lè jókòó sínú yàrá yẹn kó sì dáhùn bí ẹnikẹ́ni. Ohun tí Turing ń fẹ́ ni pé kí a má kọ ẹnìkan sílẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n fi dá a. Ìlànà ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ ni, mo sì fara mọ́ ọn.

Onímọ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan ní Manchester, Geoffrey Jefferson, ti sọ ní 1949 pé ẹ̀rọ kò bá ènìyàn dọ́gba àfi tó bá lè kọ ewì nítorí pé nǹkan kan dùn ún nínú. Turing dá a lóhùn pé bí ó bá jẹ́ báyẹn ni, kò sẹ́ni tó lè ní ìdánilójú pé ẹnìkejì òun ń ronú, nítorí kò sẹ́ni tó wọ inú ẹlòmíì rí. Ọ̀rọ̀ tó ń tẹnu ẹnìkejì jáde la fi ń gbà pé ó ní làákàyè. Ó tilẹ̀ mẹ́nu kan odídẹrẹ́. Ó ní olùkọ́ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ yé akẹ́kọ̀ọ́, tàbí ó kàn há a sórí bí odídẹrẹ́, á pè é síwájú, á máa bi í ní ìbéèrè lọ́tùn-ún lósì. Ayékòótọ́ tó ń pe orúkọ baálé ilé lárààárọ̀ kò lè sọ ohun tó fà á tí baálé náà fi ń bínú. Ìbéèrè tí kò retí ló máa tú u fó.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi jù ni ibi ìṣirò. Turing ṣe àpẹẹrẹ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó lè wáyé. Olùbéèrè ní kí ẹni tó wà nínú yàrá ro 34957 pọ̀ mọ́ 70764. Ẹni náà dúró fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 30, ó wá dáhùn pé 105621. Ẹ mú fóònù yín, ẹ rò ó wò. 105721 ló yẹ kó jẹ́. Ọgọ́rùn-ún kan ti sọnù. Níwájú nínú ìwé náà, Turing fúnra rẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ tó bá fẹ́ borí nínú eré yìí á mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe nínú ìṣirò, nítorí bó bá yára jù tó sì pé jù, wọ́n á mọ̀ pé irin ni.

Níbí ni mo ti ń bá a jiyàn. Ẹ̀rọ tó ń ṣírò láì ṣìnà ni a pè ní irin lásán, a ra á, kò sẹ́ni tó kí i. Èyí tó díbọ́n pé òun ò mọ ìṣirò ni a fẹ́ pè ní ọlọ́gbọ́n. Eré náà, nígbà náà, ń wọn bí ẹ̀rọ ṣe mọ̀ wá tó, títí kan ibi tí a kù sí. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré, nítorí ẹni tó lè tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ní láti mọ̀ wọ́n. Àmọ́ jìbìtì náà nílò ọgbọ́n, a ò sì fi jìbìtì wọn gbogbo ọgbọ́n.

Turing rí òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú. Ó gbà pé ẹ̀rọ kan lè máa ronú lọ́nà tó yàtọ̀ pátápátá sí tiwa, kó sì kùnà nínú eré náà. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìṣòro fún òun, bí ẹ̀rọ kan bá sáà ti lè yege. Lójú tirẹ̀, yíyege lè jẹ́ ẹ̀rí. Kíkùnà kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Apá yìí ni àwọn tó ń pariwo ìdánwò Turing kiri sábà máa ń gbàgbé. Ó tún sọ àsọtẹ́lẹ̀ pé láàárín bíi 50 ọdún, ẹ̀rọ á lè ṣe eré náà débi pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún ìbéèrè, olùbéèrè lásán kò ní lè mọ ẹni tó jẹ́ ènìyàn ju ìgbà 70 lọ nínú 100.

Kò rí ìgbà náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1952, olè fọ́ ilé rẹ̀. Ó lọ fi sun ọlọ́pàá. Níbi ìwádìí ló ti sọ láì pa á mọ́ pé òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ olè náà ní àjọṣe. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ka ìbálòpọ̀ láàárín ọkùnrin méjì sí ìwà ọ̀daràn. Ẹni tó wá fẹjọ́ olè sùn di ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹta, ilé ẹjọ́ ní kó yan ẹ̀wọ̀n tàbí oògùn tí yóò pa ìfẹ́ ara rẹ̀ kú. Ó gba oògùn fún ọdún kan. Wọ́n tún gba ọ̀nà iṣẹ́ àṣírí ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kú nínú ilé rẹ̀ ní Wilmslow ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà ọdún 1954, ó ku ọjọ́ 16 kó pé ọmọ ọdún 42. Májèlé cyanide ni. Wọ́n bá èso ápù tó ti gé jẹ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Adájọ́ tó wádìí ikú náà ní ó pa ara rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ kò gbà títí dọjọ́ ikú tirẹ̀. Ìyá náà ní ọmọ òun máa ń po kẹ́míkà nínú ilé, àìṣọ́ra ló pa á. Ogún ọdún kọjá lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí aráyé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tó ṣe nígbà ogun. Ní 2009, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Gordon Brown, tọrọ àforíjì. Ní 2013, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì dárí ẹ̀sùn náà jì í. Láti ọdún 2021, àwòrán ojú rẹ̀ wà lára owó ìwé 50 pọ́n-ùn.

Eré rẹ̀ kò bá a kú. Ní 1966, Joseph Weizenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tó pè ní ELIZA. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó mú ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ kó sì dà á padà sí ìbéèrè lọ. Ẹ ní inú yín bàjẹ́, á béèrè ohun tó fà á tí inú yín fi bàjẹ́. Kò mọ nǹkan kan. Síbẹ̀, akọ̀wé Weizenbaum fúnra rẹ̀, tó mọ̀ pé ètò lásán ni, ní kó jọ̀ọ́ jáde kúrò nínú yàrá kóun lè bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀rù ba Weizenbaum, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn. Ní 2014, ní ọjọ́ tó pé 60 ọdún gééré tí Turing kú, wọ́n ṣe ìdánwò náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ètò kan tan ìdá 33 nínú 100 àwọn onídàájọ́ jẹ. Ọgbọ́n tó dá ni pé ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún 13 láti Ukraine. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá wọ́, wọ́n á ní ọmọdé ni, èdè rẹ̀ sì kọ́. Ní 2025, àwọn olùwádìí ní yunifásítì California ní San Diego tún ṣe é pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ lóde òní. Wọ́n ní kí ọ̀kan díbọ́n bí ọ̀dọ́ kan, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìgbà 73 nínú 100 ni olùbéèrè pè é ní ènìyàn, ju iye ìgbà tí wọ́n mọ ènìyàn gidi tó wà lódì kejì lọ.

Ṣé a wá ní ọlọ́gbọ́n tuntun láyé? Ọmọ Amẹ́ríkà kan, John Searle, ti fèsì ní 1980 pẹ̀lú àpèjúwe èdè Ṣáínà. Ẹ jẹ́ kí n fi Bàrìbá ṣe tiwa. Ẹ ti ọmọ Nàgó kan tí kò gbọ́ Bàrìbá mọ́nú yàrá. Ẹ fún un ní ìwé ńlá tó sọ pé bí àmì báyìí bá wọlé, kó fi àmì báyìí jáde. Bàrìbá tó wà níta ń ti ìwé bọ abẹ́ ilẹ̀kùn, ìdáhùn tó mọ́yán lórí ń jáde. Ó á búra pé ọmọ Bàrìbá pọ́ńbélé ló wà nínú ilé. Ọmọ Nàgó wa kò gbọ́ ẹyọ kan. Ẹ ó rántí akọ̀wé Turing ti 1936, tó ń ṣe iṣẹ́ parí láì mọ ohun tó wà fún. Ẹni kan náà ni. Àwọn kan dá Searle lóhùn pé bí ọmọ náà kò tilẹ̀ gbọ́, ọmọ náà pẹ̀lú ìwé àti yàrá lápapọ̀ gbọ́. Èyí ò wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n àwọn tó sọ ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀.

Lójú tèmi, òṣùwọ̀n Turing dára ní ọwọ́ ẹni tó mọ ìbéèrè bi. Ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú kò wọn nǹkan kan. Ẹ wo àwọn oníjìbìtì orí fóònù. Ẹ̀rọ lè fara wé ohùn ènìyàn báyìí, kí ẹ gbọ́ ohùn ọmọ yín pé ó wà nínú wàhálà, kí ẹ yára fi MoMo ránṣẹ́. Olùbéèrè Turing ní àǹfààní láti béèrè ohunkóhun tó bá wù ú. Ẹni tí jàǹbá bá kì í béèrè nǹkan kan, owó ló ń wá. Ẹ béèrè orúkọ ajá tó kú nílé lọ́dún ìjẹrin. Ẹ béèrè ohun tí ẹ jọ jẹ kó tó lọ. Kí ẹ pa fóònù, kí ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ pè é padà.

Ohun mìíràn sì wà tó kan wa ju òyìnbó lọ. Wọ́n ti fi òṣùwọ̀n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn àwa náà rí. Láyé amúnisìn, ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Faransé, wọ́n á gbé àmì kan kọ́ ọ lọ́rùn, á máa gbé e kiri títí á fi rí ẹlòmíì tó ṣẹ̀ bíi tirẹ̀. Ẹni tó bá fọ Faransé ni wọ́n kà sí ọlọ́gbọ́n. Ìyá àgbà tó mọ gbèsè ènìyàn 30 lórí láì kọ ọ́ sílẹ̀, tó mọ irúgbìn iṣu tó yẹ ilẹ̀ dúdú àti èyí tó yẹ ilẹ̀ olókùúta, di òmùgọ̀ lójijì níwájú tábìlì akọ̀wé. Ó kùnà nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Turing ìbá ti sọ fún akọ̀wé yẹn pé kíkùnà kì í ṣe ẹ̀rí.

Kí n tó kọ ìtàn yìí tán, mo gbé fóònù mi lọ bá ìyá kan tó ń ta èlùbọ́, mo ní kí wọ́n bá ẹ̀rọ inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n kí i, ó kí wọn padà, Yorùbá rẹ̀ jọ ti àwọn tó ń ka ìròyìn ní Ìbàdàn. Ìbéèrè kìíní tí ìyá bi í ni pé ọmọ ta ni. Ó dáhùn pé ẹ̀rọ lòun, òun ò ní bàbá, òun ò ní ìyá. Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó kéré tán kò pe agboolé tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé nínú eré Turing, ìdáhùn kan ṣoṣo yẹn ti jẹ́ kó kùnà. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí ẹni tó sọ òótọ́ á fi kùnà. Mi ò rí èsì gidi fún wọn. Wọ́n wá bi ẹ̀rọ náà ní iye tí wọ́n ń ta igbá èlùbọ́ kan ní Tchaourou láàárọ̀ yẹn. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, lórí àsìkò òjò, lórí ọ̀dá, lórí bí owó ọkọ̀ ṣe ń gbé ọjà wọ́n. Kò dárúkọ owó kankan. Oníbàárà ti dé nígbà náà, Bàrìbá ni. Ìyá na fóònù sí mi, wọ́n gbé igbá, wọ́n sì yí èdè padà.